Omi Kì Í Lọ Sílé fún Ọdún Àjíǹde

Ikpoba Hill,
Ìlú Benin.

Kẹ́mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Lánàá tí o pè mí, o ní ọ̀gá rẹ ti fún ọ láàyè, pé o ti fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Yólà kí o lè bá wa dé ìlú wa ní Èkìtì nígbà Ọdún Àjíǹde, fún ìrántí ọdún kan ìyá rẹ. Mo ní, “Ó dáa, ọmọ mi,” mo sì pa fóònù. Kò dáa. Inú mi kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni mo jókòó tí mi ò lè jẹun. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, màá yí i padà. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Dákun, má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì náà. Gbọ́ mi tán ná.

Mo mọ̀ pé Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, òyìnbó ni wàá sì fi dá mi lóhùn. Kò burú. Kà á sókè bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ láti máa ka Bíbélì. Ọ̀rọ̀ tó bá le, fò ó, wàá padà bá a.

Nígbà tí o sọ fún mi pé iṣẹ́ tuntun yìí ni kí o máa wọn bí omi abẹ́lẹ̀ ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní àfonífojì odò Bẹ́núé, ẹ̀rín pa mí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́. Ìwọ tí o máa ń sunkún pé ẹrẹ̀ ba bàtà rẹ jẹ́ bí mo bá mú ọ dání lọ wọn kànga nísàlẹ̀ odò Ikpoba! O ní ayé ti yí padà, pé ẹ ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé inú kànga, tó ń kọ ìwọ̀n omi sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo sọ pé ẹ̀rọ ọ̀hún kò kárí, pé èyí tó pọ̀ jù nínú kànga yín ni ẹ ṣì ń fi téèpù wọ̀n, àti pé ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ènìyàn gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́, kódà kí ó yẹ ẹ̀rọ náà wò bóyá ó ń ṣìnà. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, torí àsìkò náà gan-an ni Ọdún Àjíǹde bọ́ sí.

Jẹ́ kí n ti orí èyí tó rọrùn bẹ̀rẹ̀, kí n tó dé ibi tó ń dùn mí.

Àkọ́kọ́, ojú ibi tí o ti ń wọn kànga, fi ọ̀dà sàmì sí i, kí o sì máa yẹ àmì náà wò nígbà gbogbo. Mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí bàbá onílé kan ra símẹ́ǹtì, tó gbé etí kànga rẹ̀ ga kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ má bàa já sínú rẹ̀. Ohun rere ló ṣe. Èmi kò wo ọ̀tún, mi ò wo òsì, láti etí kànga náà ni mo ń wọ̀n ọ́n lọ, ni mo bá kọ̀wé sí ọ̀gá mi pé omi àfonífojì ti ń sá lọ o, kí ìjọba tètè dìde. Ọ̀gá mi bá mi débẹ̀. Ó wo símẹ́ǹtì tuntun, ó wò mí. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ṣé omi ló sọ̀ ni, àbí kànga ló ga?” Símẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì títí ọ̀gá náà fi fẹ̀yìn tì.

Èkejì, kí àwọn onílé dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kànga kí o tó jókòó. Ìyá kan wà nígbà náà, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Bí mo bá ti yọ báyìí, á ti pariwo sínú ilé: “Ẹ fa omi tútù fún àlejò o! Ọmọ wa dé!” Wọn á fa èyí tí n ó mu, wọn á fa èyí tí n ó fi bọ́jú, níwọ̀n ìgbà tí okùn sì ti wà lọ́wọ́ wọn, wọn á kúkú pọn kún gbogbo ike tó wà nílé. Kí téèpù mi tó kan omi, omi ti sá sẹ́yìn. Ojú ń tì mí láti sọ pé kí wọ́n dúró. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n fún lómi tó ní òun kò fẹ́, wọ́n á ní ilé tó ti wá ni kò dáa. Bẹ́ẹ̀ ni mo fi ìtìjú ba ìwọ̀n kànga yẹn jẹ́ títí wọ́n fi kó lọ sí Airport Road. Omi tó ti sinmi ni kí o máa wọ̀n, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fà á. Fi ẹ̀rín bẹ̀ wọ́n. Tí o bá wọ̀n ọ́n tán, kí o wá mumi wọn, kí o sì mu ún dáadáa.

Ó tó. Jẹ́ kí n wá sọ èyí tó mú mi mú bírò.

Nígbà tí ìjọba gbà mí síṣẹ́ omi ní Benin, mo sọ fún ìyá rẹ pé ọdún díẹ̀ la ó lò níbẹ̀, a ó padà sílé. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ra àga tó dáa fún ìgbà pípẹ́. Lọ́kàn mi, àtìpó ni mí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó wà ní Benin sì rí i pé a kò gbàgbé. Gbogbo Ọdún Àjíǹde ni wọ́n ń háyà bọ́ọ̀sì, gbogbo wa á sì wọ́ lọ sí Èkìtì fún ìpàdé ìlú. Ẹni tí kò bá lọ, wọ́n á máa fi orúkọ rẹ̀ dápàárá: wọ́n á ní Bìní ti gbé e mì. Èmi kò jẹ́ kí Bìní gbé mi mì.

O ti mọ̀ báyìí pé omi abẹ́lẹ̀ kì í ṣe bí odò tí o ń fojú rí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀ láti ìgbà tí òjò bá ti dá, yóò máa sọ̀ títí ọyẹ́ yóò fi kọjá, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ó máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí òjò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń wà ní Èkìtì tí mò ń jẹ iyán.

Mo máa ń wọn gbogbo kànga kí n tó lọ. Màá fi ṣọ́ọ̀kì pa ìdí téèpù, màá sọ ọ́ kalẹ̀, màá fà á sókè, màá ka ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti tutù. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní tan ọ́ jẹ. Bí mo bá dé láti ilé, màá tún wọ̀n ọ́n. Nígbà náà òjò ti máa ń rọ̀, omi ti ń padà bọ̀. Kí ni mo wá ń ṣe sí àárín méjèèjì? Rúlà ni mo máa ń gbé lé ìwé tí mo ń sàmì ìwọ̀n omi sí. Màá fa ìlà gbọọrọ láti àmì tí mo ṣe kí n tó lọ dé àmì tí mo ṣe nígbà tí mo dé. Lórí ìwé, ó wá dà bí ẹni pé omi àfonífojì Ikpoba kì í lọ jìnnà rárá. Ọdún gorí ọdún, ìlà mi ń gún régé, ọ̀gá mi ń yìn mí pé iṣẹ́ mi mọ́.

Ìyá rẹ nìkan ló fura. Ìwọ mọ̀ ọ́n, obìnrin tó ń ta ọṣẹ lójú títì Ikpoba Hill, tí kò sí ẹni tó ń kọjá tí kò mọ ilé tó ti ń bọ̀. Ó ń ká aṣọ rẹ sínú báàgì lọ́jọ́ kan tí a ń múra ilé, ó wá ní, “Bàbá Kẹ́mi, mo ní kí n bi yín. Ṣé omi náà máa ń lọ sílé fún Ọdún Àjíǹde ni?”

Mo ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ta ló pè ọ́ sí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń ká aṣọ rẹ lọ.

Màmá Osaro wá ni ọ̀rọ̀ náà bá. Ìwọ rántí rẹ̀, obìnrin Ẹdó tó ń sin ẹja àrọ̀ nísàlẹ̀, nítòsí odò. Kànga aládùúgbò rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń wọ̀n, ló ti ń pọnmi fún ẹja. Nígbà tó fẹ́ gbẹ́ tirẹ̀, ó dúró dè mí.

“Oga,” ó ní, “you wey dey measure this water since. For dry season, e dey go down reach where?”

Mo wo ìwé mi, mo wo ìlà mi tó gún régé, mo di okùn mú mo fi ibì kan hàn án. “Madam, e no dey pass here.”

“You sure?”

“Ah-ah! Every month I dey measure am.”

Every month! Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́. Agbẹ́kànga ní kí àwọn lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, Màmá Osaro ní rárá, ọ̀gá omi ti sọ ibi tó mọ. Wọ́n dúró níbẹ̀, ó sì lọ ra ẹja kún èyí tó ní.

Ẹ̀ẹ̀rùn pẹ́ lọ́dún náà. A wà ní Èkìtì. Ìwọ wọ aṣọ òdòdó kan, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń pè ọ́ ní ọmọ Bìní torí pé o kò lè pe orúkọ wọn dáadáa, o sì sunkún wá bá mi níbi ìpàdé. Mo lé ọ padà. Mo ní kí o lọ bá wọn ṣeré, ẹbí rẹ ni wọ́n. Mi ò gbàgbé ojú tí o fi wò mí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kànga Màmá Osaro gbẹ. Ó wá táńkà omi títí, àwọn awakọ̀ ti lọ ṣọdún nílé wọn. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ń fi orí ru omi láti kànga aládùúgbò, èyí tí omi rẹ̀ náà ti lọ sísàlẹ̀ débi tí okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó o mọ́. Omi inú adágún ẹja bàjẹ́. Kí ọdún tó tán, ẹja ti léfòó.

Ìwọ náà rántí òórùn tó kí wa káàbọ̀. O fi ẹ̀wù mi bo imú rẹ. Iṣu wà lọ́wọ́ mi, iṣu Èkìtì tí mo ní kí n fún Màmá Osaro gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Kò bú mi. Ó ṣáà ń wò mí.

“Oga, when the water dey go, you dey where?”

“I travel go house.”

“House,” ó ní, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀.

Mo gbé iṣu náà padà. Ìyá rẹ kò rán mi létí ohun tó ti sọ. Ó wọ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Màmá Osaro, àwọn méjèèjì gbẹ́ ihò, wọ́n sì ń kó ẹja sínú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Èmi wà nínú ilé, mò ń ṣe bí ẹni tó rẹ̀.

O lè rò pé mo gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, mo sì tún lọ. Mo tún fa ìlà. Kìkì pé mo fi pẹ́ńsù fà á fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé fẹ́ẹ́rẹ́ náà yóò dín irọ́ rẹ̀ kù. Báyìí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kẹ́mi, kò sí ẹnì kan títí di òní tó mọ bí omi àfonífojì yìí ṣe ń sọ̀ tó nígbà tó bá sọ̀ jù, torí èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti mọ̀ ọ́n kò sí nílé rí. Ó dùn mí. Mo ti di àgbàlagbà, ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, ẹ̀kẹta: ibi tí o kò bá sí, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Jẹ́ kí ọ̀gá rẹ bínú. Ẹni tó bá rí àyè òfìfo yóò béèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ìlà yóò gbẹ́ kànga lé e lórí.

Ẹ̀kẹrin, ibi tí o bá ń gbé ni kí o gbé. Kọ́ èdè wọn ní Yólà, kì í ṣe ti ọjà nìkan. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo lò láàárín àwọn Ẹdó, “kóyo” tí wọ́n fi ń kíni nìkan ni mo mọ̀, bí wọ́n bá sì ti dá mi lóhùn tán, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ra àga tó dáa. Gbin igi. Àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn fóònù, tí o ní awakọ̀ ọ́fíìsì yín ni, àwọn awakọ̀ yín mọ ẹ̀rín rín o. Mi ò bi ọ́ léèrè. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀, tó sì bẹ̀rù Ọlọ́run, má fi tèmi ṣe.

Ó ku ọ̀kan tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àìsàn ìyá rẹ ti dójú ẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, “Bàbá Kẹ́mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n sin mí síbí. Ibí ni mo ti mọ ènìyàn.” Mo ní kó má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó sì kú, mo gbé e lọ sí Èkìtì, torí kí ni ìlú yóò sọ? O wà níbẹ̀. O rí àwọn obìnrin Ikpoba Hill tí wọ́n gba ọkọ̀ tẹ̀lé wa, tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn sọ̀rọ̀, tí àwọn nìkan sì ń sunkún bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará ilé wa ń ṣètò oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ohùn rẹ̀. Mo gbé e lọ sílé tí kò mọ̀, èmi sì padà sí Benin. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò rò ó.

Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ti dá ọjọ́ ìrántí sí ọ̀sẹ̀ Ọdún Àjíǹde, ó ní gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ péjọ. Bí o kò bá wá, wọ́n á ní o kò mọ ìyá rẹ lóore, wọ́n á ní òyìnbó ló bà ọ́ jẹ́.

Kẹ́mi, má wá.

Dúró ti àwọn kànga rẹ. Ẹnì kan wà ní àfonífojì yẹn tí o kò tíì mọ̀, tí yóò dúró dè ọ́ lọ́jọ́ kan láti bi ọ́ bí omi ṣe ń sọ̀ tó. Mo fẹ́ kí o lè sọ fún un pé o rí i. Nígbà tí òjò bá dé tán, tí omi bá ti ń gòkè, kí o wá, èmi àti ìwọ yóò jọ lọ sí ibojì ìyá rẹ, a ó sì mú àwọn obìnrin Ikpoba Hill dání. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni n ó bá a sọ̀rọ̀. Láti kékeré ló ti ń bú mi, ó ti mọ́ mi lára.

Má rò pé ọkàn mi le. Mo fẹ́ rí ọ. Ilé yìí dákẹ́ jù, rédíò tí mo ti pa ni mo tún ń tàn. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ lẹ́nu ọ̀nà lọ́dún, n ó yọ̀ bí ọmọdé. Síbẹ̀, má wá.

Èmi náà kò lọ sí Èkìtì. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Màmá Osaro lọ́jọ́ Tuesday, mo ní kó bá mi bẹ aládùúgbò rẹ̀ kí n lè máa wọn kànga náà láràárọ̀ láti ìsinsìnyí títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa. Mo wí fún un pé mo fẹ́ rí ibi tó ń dé kí n tó kú. Ó ti darúgbó, ó ń ti igi rìn. Ó wo orúnkún mi, ó wo ẹnu kànga.

“Oga, with this your leg? You go fall inside.”

Mo ní mi ò ní ṣubú.

Ó pòṣé. “I go dey hold your shirt,” ó ní. “Come for morning, before people draw.”

Kí Ọlọ́run tó ń mú òjò wá lásìkò rẹ̀ máa ṣọ́ ọ fún mi níbẹ̀.

Bàbá rẹ ni mí.